Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Wádìí Ìtàn Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Kí O Tó Rà Á

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa ló fa ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí. Lẹ́yìn ìrun Asri ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ní kí a bá òun ṣe àdúà kí ẹnikẹ́ni má ra ọkọ̀ kan kí òun tó kó owó dé. Ọkọ̀ pupa onílẹ̀kùn méjì ni, irú èyí tí ẹ ń pè ní sípọ́ọ̀tì, ní ọgbà ìtajà kan lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde láti Kirikiri Lighter Terminal. Owó tó fi ọdún mẹ́ta tọ́jú nídìí iṣẹ́ aṣọ rírán ní Ajégúnlẹ̀ ló fẹ́ san. A bi í pé, ọdún wo ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà? Ta ló ń wà á tẹ́lẹ̀? Ó ní ọlọ́jà sọ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni, ti 2003, kò tíì fara gbá ohunkóhun rí. A ní kó lọ kọ nọ́ńbà ṣéèsì rẹ̀ wá ná, kí àdúà tó tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo orúkọ. Ẹni tí a bí sí òkè òkun, tí a wá gbé wálé, là ń pè ní Tòkunbọ̀. Orúkọ náà sọ pé ó gba orí òkun wá, kò sọ bó ṣe gbé ayé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀.

Ohun tó máa sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ ni nọ́ńbà ṣéèsì. Láti 1981 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di àmì 17, lẹ́tà àti fígọ̀ papọ̀. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Bí o bá rí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yálà o ṣì í kọ tàbí ẹnì kan ti fọwọ́ tọ́ ọ. Wò ó lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá òsì, wò ó lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, kí o sì wò ó lára irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, má béèrè iye owó mọ́, máa lọ sílé. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún: X ni 1999, Y ni 2000, láti 2001 dé 2009 wọ́n ń lo 1 dé 9, A sì ni 2010. Nígbà tí àbúrò wa mú ìwé tó kọ ọ́ sí dé, àmì kẹwàá jẹ́ 1. Ọkọ̀ tí wọ́n pè ní ti 2003 ti di ti 2001 lójú wa níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fún un lókè òkun. Ní England, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún. Láti 2005 ni wọ́n ti ń fi àbájáde rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá sì ní nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba wọn. Wàá rí ìgbà tó yege àti ìgbà tó kùnà, wàá rí ohun tó kùnà lé lórí, àti iye máìlì tó wà lójú míítà lọ́jọ́ náà. Bí míítà bá ka 90,000 ní ọdún kan, tó wá ń ka 60,000 ní Àpápá, o mọ̀ pé ẹnì kan ti dá a padà sẹ́yìn. Àmọ́ láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni a ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún nílẹ̀ yìí, apá ọ̀tún sì ni sítíárì tàwọn ará England wà. Èyí tí wọ́n bá ti tú sítíárì rẹ̀ lọ sí òsì, bí ìtàn MOT rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ bí omi, èmi kò ní wà á sáré.

Ní Jámánì, ọdún méjì méjì ni wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò; béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ti Amẹ́ríkà ṣòro díẹ̀, nítorí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ yẹ ọkọ̀ wò rárá. Níbẹ̀, ìwé ohun-ìní ọkọ̀ ló ń sọ̀rọ̀: bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá ti san owó ọkọ̀ tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n máa ń tẹ ọ̀rọ̀ náà salvage sórí ìwé rẹ̀. Carfax, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984, ń ta irú ìtàn bẹ́ẹ̀. VINCheck ti National Insurance Crime Bureau jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń sọ bóyá wọ́n ti jí ọkọ̀ náà gbé tàbí bóyá wọ́n ti kà á sí òfò.

Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì gan-an ló yẹ kí a ṣe èyí fún jù. Eré ni wọ́n rà á fún, eré ni wọ́n sì fi kọlu nǹkan. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lu gbàǹjo, panẹ́bítà á fi ọwọ́ pa á lára, ó di arẹwà.

Èyí tí omi bò ló burú jù. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005, Sandy ní 2012 àti Harvey ní 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó mumi ló padà sọ́jà. Ó ń dán lókè, ṣùgbọ́n wáyà ń jẹrà lábẹ́. Ẹ rántí pé Ànábì wa (SAW) ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tó tutù nísàlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Èyí tó tutù náà ni ó yẹ kó wà lókè kí àwọn èèyàn lè rí i. Nítorí náà, ti ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Gbé táyà àfipamọ́ inú búútù, wo ẹrọ̀fọ̀ àti ìpata nísàlẹ̀ rẹ̀. Fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin, wo bóyá ó ní ilà omi. Ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì: iná àpò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tàn kó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò.

Ìwé tó mọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkọ̀ mọ́, o. Ìjàǹbá tí ẹnikẹ́ni kò fi sùn kì í sí nínú ìwé, MOT sì jẹ́ ti ọjọ́ kan péré. Mú mẹkáníìkì tìrẹ dání, má ṣe lo ti ọlọ́jà. Rí i pé nọ́ńbà 17 yẹn náà ló wà lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Èyí tó bá gba inú igbó láti Kùtọnu wá, ọwọ́ ẹni tó rà á ni kọ́sítọ́ọ̀mù ti máa gbà á.

Ní ti ẹ̀sìn, àléébù tí ọlọ́jà mọ̀, ọ̀ranyàn ni kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àléébù yìí pàápàá, láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wọ inú èdè wa. Ẹni tó bá rí àléébù ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn tó rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà padà. "Bó o ṣe rí i ni mo tà á," tí wọ́n máa ń sọ ní ọgbà ìtajà, àwọn onímọ̀ fíkíìhì yapa lórí ohun tó lè ṣe fún ọlọ́jà, ṣùgbọ́n kò sọ ìfipamọ́ di ẹ̀tọ́.

Àbúrò wa rí èsì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì: omi ti bo ọkọ̀ náà, wọ́n sì ti kà á sí òfò. Ó mú èsì náà lọ bá ọlọ́jà. Ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí? Ó dáa, mú ìdajì owó wá." Ìdajì owó yẹn dán an wò, mi ò ní parọ́. Ó pe mẹkáníìkì kan láti Bóúndárì, wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì, òórùn tó jáde mú kí mẹkáníìkì náà fi ọwọ́ bo imú. Wọ́n jáde. Nígbà tí a kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ààyè ọkọ̀ pupa náà ti ṣófo.