Wóró Kẹsàn-án

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o fẹ́ kó gbogbo fọ́tò àti fídíò òde tí o ti yà jọ sórí kọ̀ǹpútà kan nínú yàrá rẹ ní Shasha, àti pé RAM tí wọ́n ń pè ní ECC ni kò jẹ́ kí o sùn.

Kò ṣòroó yé. Alájọ tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà máa ń fàmì sí káàdì wọn, á tún fàmì sínú ìwé tirẹ̀. Bí àmì kan bá ṣì, ìkejì á jẹ́rìí. ECC kì í kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀. Bíìtì 8 ló fi ń ṣọ́ 64. Bí ẹyọ kan bá yí padà, á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí méjì bá yí, á pariwo, ṣùgbọ́n kò rí i tún ṣe. Mú RAM náà dání kí o ka wóró dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kan: mẹ́jọ ló sábà máa ń wà lára ti gbogbo ayé, mẹ́sàn-án lára ECC.

Pé bíìtì ń yí padà kì í ṣe àlọ́. Lọ́dún 2003, wọ́n dìbò ní Schaerbeek, ní Bẹ́líjíọ̀mù tí àwa ń fi orúkọ rẹ̀ pe ọjà àlòkù, ẹ̀rọ sì fún olùdíje kan ní ìbò 4,096 tí ẹnì kankan ò dì. Bí ìbò rẹ̀ ṣe pọ̀ kọjá ohun tó lè ṣeé ṣe ni wọ́n fi fura. Iye tí bíìtì kan ṣoṣo ń dúró fún gan-an ni 4,096.

Síbẹ̀, ECC kọ́ ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ rà. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi, láti àyà ọmọ náà wá sísàlẹ̀, eérú lásán ló kù. Bóyá RAM ni o, bóyá háàdì ni, n kò mọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọwọ́ ara mi ni mo fi da èyí tó bàjẹ́ bo èyí tó dára nínú háàdì kejì. Nítorí náà, má máa pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́. Ra UPS, torí ìgbà tí iṣẹ́ bá wọra gan-an ni NEPA máa ń mú iná lọ. Kí háàdì kan sì wà ní ilé mìíràn, kí olè tàbí iná má baà kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Bó bá wá ku owó, ra ECC. ZFS, ètò ìtọ́jú fáìlì tí o ń yìn, lè mọ̀ bí ohun tó wà nínú háàdì bá yí padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú RAM ló ti bàjẹ́ kó tó dé ibẹ̀, òǹtẹ̀ ni yóò lù ú bíi pé ó dára. Tí o bá lọ ra àlòkù ní Computer Village, má gba RAM sáfà ńlá fún kọ̀ǹpútà kékeré rẹ. Oríṣi tó ń jẹ́ RDIMM kì í ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n ki RAM náà bọ inú ẹ̀rọ, kí wọ́n tan án níṣojú rẹ kí o tó sanwó.

Háàdì tí yóò wà ní ilé mìíràn ńkọ́? Gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé. Àyè ṣì wà nínú àpótí tí ìyá rẹ ń kó aṣọ òkè sí.