Inú Òjò Ni A Ti Ń Pèsè Mílíìkì Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ẹ fún mi létí. Ọ̀rọ̀ koríko ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó lè ya yín lẹ́nu, nítorí tírélà àti kọ̀ǹténà là ń rí ní Liverpool Road, a kì í rí pápá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tó wà nínú àwọn kọ̀ǹténà yẹn. Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tó ń ti ìlú òyìnbó wá wà lára ohun tó ń gba wọ́ọ̀fù wa wọlé, wọ́n sì ń gbé e kọjá lójú wa lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń dì í. Ìjọba ti sọ ọ́ léraléra pé owó tí à ń ná sórí mílíìkì òkèèrè lọ́dọọdún ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ní 2020, Central Bank fi òfin dè é, ilé-iṣẹ́ mẹ́fà péré ló sì kọ́kọ́ gbà láyè kí wọ́n máa gba dọ́là fi ra mílíìkì wọlé.

Àwọn kan nínú yín ti wá bá mi pé iṣẹ́ wọ́ọ̀fù ti sú àwọn, pé àwọn fẹ́ padà sílé ní Òkè-Ògùn lọ sin màlúù fún mílíìkì. Èrò yẹn dára, mo sì tì yín lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn mi kò ju ọ̀kan lọ: kí ẹ tó ra màlúù, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ẹ ó ṣe máa pa koríko mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Láti 2010 ni ilé-iṣẹ́ mílíìkì FrieslandCampina WAMCO ti ń ra mílíìkì lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní agbègbè Ìsẹ́yìn àti Fáṣọlá, nítorí náà ẹni tó máa rà á kò ṣọ̀wọ́n. Wàhálà ibẹ̀ ni pé màlúù funfun tí a ní nílẹ̀ yìí kì í sábà fún ni ju lítà kan tàbí méjì lọ lójúmọ́, nígbà tí koríko ṣì wà. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, koríko gbẹ, agbára inú rẹ̀ lọ, mílíìkì náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́mú. Láyé àtijọ́, darandaran á kó ẹran rẹ̀ tẹ̀lé omi àti ewé tútù. Ayé ti yàtọ̀ báyìí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣòfin lòdì sí fífi ẹran jẹko káàkiri láti 2019, gómìnà Èkó sì buwọ́ lu ti wa ní ọjọ́ 20, oṣù kẹsàn-án, 2021. Màlúù tí kò gbọdọ̀ rìn lọ bá oúnjẹ, oúnjẹ ni yóò máa wá bá a, ẹni tó ni ín ni yóò sì gbé e wá.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a kò kàn sá koríko gbẹ. Ní ìhà tiwa, ìgbà tí koríko dára jù ni òjò ń rọ̀ jù, kò sí oòrùn tí yóò gbẹ ẹ́ kó tó bu. Nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé tí oòrùn wà, eèsún ti gbó, ó ti le, màlúù ń jẹ ẹ́ lásán ni. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a pa á mọ́ ní tútù. Sáílèjì ni wọ́n ń pè é. Ará Faransé kan, Auguste Goffart, ti kọ ìwé lórí bí a ṣe ń fi àgbàdo ṣe é láti 1877. Inú kòtò ńlá ni ọ̀pọ̀ olówó ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kékeré ní Kẹ́ńyà àti níbòmíràn ń fi àpò ṣe é, ọ̀nà tiwọn ló sì bá àpò yín mu.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ń ta ògì yóò tètè mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àgbàdo tí ìyá rẹ sómi kì í jẹrà, ó ń kan ni. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú kò lè rí ló ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ di kíkan, kíkan náà ló sì ń dènà àwọn kòkòrò tó ń ba oúnjẹ jẹ́. Irú àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú àpò koríko, kìkì pé wọn kò fẹ́ atẹ́gùn rárá. Bí atẹ́gùn bá wọlé, iṣẹ́ bàjẹ́.

Àgbàdo ló dára jù, ọkà bàbà tẹ̀ lé e. Ẹ gé àgbàdo náà tigi tewé tọmọ, nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ti ń le ṣùgbọ́n tí èékánná ṣì lè wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ eèsún, ẹ gé e kó tó gbó, kí ẹ sá a títí yóò fi rọ. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́, kó má ju sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹ wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ la ọwọ́. Bí omi bá ń kán, ó ti tutù jù. Bí ó bá tú ká lójú ẹsẹ̀, ó ti gbẹ jù. Bí ó bá dì, tó wá ń tú díẹ̀díẹ̀, ó ti tó. Ṣúgà inú eèsún kò pọ̀, nítorí náà ẹ po mọlásì pọ̀ mọ́ omi díẹ̀, kí ẹ wọ́n ọn sí i, bíi kílò mẹ́ta sí márùn-ún fún 100 kílò koríko. Mọlásì yìí kò jìnnà sí yín, ó ń ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń fọ ṣúgà ní wọ́ọ̀fù Àpápá níhìn-ín.

Àpò méjì lẹ ó lò: náílọ́ọ̀nù tó nípọn tí kò nihò nínú, àpò bágíkò níta. Náílọ́ọ̀nù ló ń dènà atẹ́gùn, bágíkò ló ń gbé ẹrù. Ẹ máa dà á síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, pàápàá ní igun. Bó bá kún, ẹ fún atẹ́gùn orí rẹ̀ jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ fi okùn dì í pinpin. Iṣẹ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ẹ parí rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Orí pákó lábẹ́ òrùlé ni kí ẹ tò ó sí, kí ẹ sì máa ṣọ́ eku. Ihò kan tí eku lu tó láti ba odindi àpò jẹ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi sẹlotéèpù dí i lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó kéré tán, ọjọ́ 21 ni kó lò, bó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó dára jù, ẹ kò sì gbọdọ̀ tú u wò láàárín. Èyí tó dára á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀ lójú ewé, òórùn rẹ̀ á kan láìrà. Èyí tó dúdú, tó ń yọ̀, tàbí tó ti bu, ẹ dà á nù, bó ti wù kó dùn yín tó. Oró inú ohun tó bu lè gba ara màlúù bọ́ sínú mílíìkì, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò sì mu ún. Ẹ má sì gé koríko etí gọ́tà tí epo tírélà ń ṣàn sí ládùúgbò wa. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún mílíìkì tán ni kí ẹ fún màlúù ní sáílèjì, kí òórùn rẹ̀ má baà wọ mílíìkì.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ tó jẹ òjò láìro ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Màlúù kan tó ń jẹ kílò 10 sáílèjì lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn, yóò jẹ kílò 1,200 láàárín oṣù mẹ́rin. Bí àpò kan bá gba kílò 40, ọgbọ̀n àpò nìyẹn. Ẹ má dá ra ẹ̀rọ ìgékoríko, ẹ dáwó jọ rà á. Ẹni tí kò sì ní màlúù lè ta àpò tirẹ̀ fún ẹni tó ní, tàbí fún àwọn tó ń sin àgbò Iléyá, nítorí àgùntàn àti ewúrẹ́ náà ń jẹ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ má fi owó yín ra màlúù lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ gbin àgbàdo, ẹ dì í sápò, kí ẹ ṣí i nínú ọyẹ́ kí ẹ wò ó. Ẹni tó bá pa ọgbọ̀n àpò mọ́ tí kò bàjẹ́, òun ló tó ẹni tí à ń fa màlúù kan lé lọ́wọ́.