Má Dá Mọ̀lẹ́bí Aláìsàn Padà Sílé Lọ́wọ́ Òfo

Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù tí a ti ń tọ́jú àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa tó ní jẹjẹrẹ ọyàn. Bí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ti bi mí ní nǹkan, "Ẹ bi dókítà" ni mo máa ń sọ. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, ńṣe ló bú sẹ́kún. Kí ló yẹ kí n ṣe?
— Nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn

Ọmọ mi, o káre tó o béèrè. Lóòótọ́, dókítà ló ń sọ èsì àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n òru tí ọmọ yẹn máa dá wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù, iṣẹ́ tìrẹ sì nìyẹn.

Nígbà mìíràn, kí irú wọn tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, fi tẹmómítà lé ọmọ aláìsàn lọ́wọ́, kó kà á sí ọ létí. Kẹ́mò, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà, máa ń sọ agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà di aláìlera. Nítorí náà, bí ara màmá bá gbóná dé 38°C, kí wọ́n gbé e wá, ìbáà ṣe òru ọ̀gànjọ́. Kí wọ́n má fún un ní parasitámọ́ọ̀lù, kí wọ́n wá sùn.

Bí dókítà bá kọ mọ́fíìnì olómi, mọ̀lẹ́bí á máa bẹ̀rù pé yóò di bárakú. Fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé bí wọ́n bá lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ìrora ló wà fún. Agogo ni kí wọ́n máa wò, kì í ṣe igbe màmá. Fi síríńjì fa ìwọ̀n tó yẹ lójú ọmọ náà, kí òun náà fà á lójú rẹ. Mọ́fíìnì kì í jẹ́ kí èèyàn rí ìgbẹ́ yà, nítorí náà, rí i pé oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ bá a lọ sílé.

Sọ ọ́ létí gbogbo ẹbí pé jẹjẹrẹ kì í ràn, kí wọ́n yé ya abọ́ màmá sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, bi wọ́n pé ta ni yóò gba ọmọ yìí sílẹ̀ kó lè sùn. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mímú ara tu aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Júwe ibẹ̀ fún wọn.

Kọ nọ́ńbà wọ́ọ̀dù sára páálí oògùn. Tó bá di ọjọ́ kejì, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ pè wọ́n.