Ìdẹ Tí Kò Ní Oúnjẹ Nínú

ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀
Bíbélì kíkà: Jákọ́bù 1:12-17

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú ọkọ̀ báyìí lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, tẹ́ ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ ní Free Zone, Olúwa á mú yín lọ, á mú yín bọ̀. Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ náà ń gba àṣàrò yìí, a kí yín.

Ẹ jẹ́ ká kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ apẹja láàárọ̀ yìí.

Omi ló yí wa ká ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Òkun wà ní gúúsù wa, ọ̀sà wà ní àríwá. Kí Free Zone tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, kí wọ́n tó ṣí èbúté ọkọ̀ òkun ní oṣù kìíní 2023, iṣẹ́ ẹja ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jẹun níbí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú ẹja kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹlòmíràn ń da àwọ̀n, ẹlòmíràn ń dẹ ìgèrè, ẹlòmíràn ń fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan tún wà, ìyẹn ìdẹ ayédèrú. Ó lè jẹ́ irin pẹlẹbẹ tó dà bíi ṣíbí, ó sì lè jẹ́ ike tí wọ́n ṣe bí ẹja kékeré tí wọ́n kùn lọ́dà. Wọ́n á wá so ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta mọ́ ọn. Kò sí ẹran lára rẹ̀, kò sí òórùn oúnjẹ. Apẹja á jù ú sómi, á sì máa fà á bọ̀ kíákíá. Bó ṣe ń fà á ni irin yẹn ń yí, bó sì ṣe ń yí ló ń kọ mànà. Ẹja kúta, tó jẹ́ pé ojú ló fi ń ṣọdẹ, á rò pé ẹja kékeré ló ń sá lọ. Á fò mọ́ ọn. Ó parí nìyẹn.

Ẹ̀yin ará wa ní Ẹngíláńdì, ẹja kan wà nínú kanáàlì ọ̀dọ̀ yín tó ń jẹ́ zander. Ọdún 1878 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọ ilẹ̀ náà. Wọ́n tún da díẹ̀ sómi ní ìlà-oòrùn ibẹ̀ ní 1963, látibẹ̀ ló ti ń tàn kálẹ̀. Ojú ẹja yìí lágbára gan-an. Ohun kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bíi ti ológbò lóru, torí náà ó ń ríran nínú omi tó dúdú tó sì rú. Síbẹ̀, rọ́bà lásán ni wọ́n fi ń mú un! Ẹ̀yin ará, ojú tó mú kò gbà á là.

ÀWỌ̀N YÀTỌ̀ SÍ ÌDẸ

Ní ẹsẹ 14, Jákọ́bù sọ pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ọkàn olúkúlùkù ló ń fà á lọ tó sì ń tàn án jẹ. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò fún ìtànjẹ níbẹ̀, ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìdẹ ló ti wá. Ọ̀rọ̀ apẹja ni.

Ẹ wá fi wé Oníwàásù 9:12. Àwọ̀n ni ti ibẹ̀. Ẹja tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló kó sí i. Àjálù nìyẹn, kò sí ẹjọ́ ẹja nínú rẹ̀, kò sì yẹ ká máa bi ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá. Ti ìdẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹja fúnra rẹ̀ ló ń yà kúrò lọ́nà rẹ̀, òun ló sì ń la ẹnu.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LÁÀÁRÍN WA

Lọ́dún tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan dé orí fóònù mi. Wọ́n ní iléeṣẹ́ ńlá kan ní agbègbè wa ń gba èèyàn síṣẹ́. Wọ́n ní àyè ti kù díẹ̀, ọ̀la ló máa parí, ẹni tó bá sì tètè sanwó fọ́ọ̀mù ni orúkọ rẹ̀ á ṣíwájú. Mi ò pe ẹnikẹ́ni láti bèèrè. Mo kàn tẹ̀ ẹ́, mo fi í ránṣẹ́ sórí ibi tẹ́ ẹ ti ń ka àṣàrò yìí gan-an. Mo tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ má jẹ́ kó kọjá yín o."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú akọrin wa sanwó náà. Owó ìyá rẹ̀ ni, ìyá tó ń yan ẹja tà. Wọ́n gba ti fọ́ọ̀mù, wọ́n gba ti àyẹ̀wò ara, wọ́n tún gba ti aṣọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tó dé ẹnu géètì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ní àwọn ò mọ ohun tó ń sọ. Ó pe nọ́ńbà yẹn, kò lọ mọ́.

Òun ló ní kí n sọ ọ́ síbí, kó má bàa ṣe ẹlòmíràn.

Ẹ gbọ́ o, wíwá iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ gba ẹrù lórí ìyá rẹ̀, Ọlọ́run ò bá a wí. Ṣùgbọ́n nígbà tá a jọ jókòó, ó sọ fún mi pé, "Bàbá, ibi tí wọ́n ti ní ẹni tó bá sanwó á ṣíwájú àwọn tó ń tò, ibẹ̀ ló mú mi." Mo sì sọ ibi tó mú èmi náà fún un. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé ọ̀dọ̀ mi ni ìròyìn ayọ̀ ti ń wá. Ìdẹ kan ṣoṣo, ẹnu méjì ló kọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o, èmi gan-an ni mo wọ́ orí ọmọ.

Mo ti lọ bẹ ìyá rẹ̀, mo sì ń san nínú owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà ò tíì padà sínú akọrin. Ó wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹ̀yìn ló jókòó sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í léèrè owó. Ẹ sáà kí i, kẹ́ ẹ sún àyè fún un.

BABA TÍ KÌ Í YÍ

Ẹ tún wo ẹsẹ 17. Jákọ́bù ní látọ̀dọ̀ Baba ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀bùn rere ti ń wá, kò sì sí òjìji ìyípadà lọ́dọ̀ rẹ̀. Irin apẹja, bí kò bá yí, kò lè dán. Bó bá dúró sójú kan, ẹja á rí i pé irin ni. Ìdí nìyẹn tí apẹja fi ń yára fà á. Ìdí kan náà ló fà á tí ẹlẹ́tàn fi máa ń sọ pé, "Ọ̀la ló máa parí." Ẹ̀bùn Baba wa kò bẹ̀rù kẹ́ ẹ dúró wò ó dáadáa.

ÌṢÍSẸ̀ FÚN ÒNÍ

1. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó ríṣẹ́, ẹ dúró. Ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ ló yẹ kó máa sanwó fún yín.
2. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn débẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.
3. Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ́ ò tíì wádìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.
4. Ẹ bi ọkàn yín pé: kí ni mò ń fẹ́ gan-an nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ibi tí ìwọ̀ máa ń wọ̀ nìyẹn.
5. Bó bá ti kọ́ yín lẹ́nu, ẹ tètè sọ fún ẹnì kan. Má fi ìtìjú san owó kejì.

ÀDÚRÀ: Baba, fún àwọn ọmọ wa tó ń wáṣẹ́ ní iṣẹ́ tòótọ́. Fi ohun tí ọkàn wa ń fà sí hàn wá kí ọ̀tá tó rí i. Àwọn tí ìwọ̀ ti mú, fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu wọn. Dárí ji àwa àgbà tá a ṣi àwọn ọmọ rẹ lọ́nà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ máa ṣe dáadáa o. Ó dàárọ̀ ọ̀la.