Besaleeli Etí Òkun: Ẹ̀kọ́ Lórí Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Ìjọsìn

Fún kíkà: Ẹ́kísódù 30:22-38, 31:1-11, 32:1-6, Àwọn Ọba Kejì 2:19-22

Nígbà tí a sin ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí àtijọ́, ní ọdún tó kọjá, àwa ni wọ́n ní kí a wàásù. A sọ̀rọ̀ títí. A sọ bí kò ṣe pẹ́ dé ilé ìsìn rí, bí ó ṣe ń san ìdámẹ́wàá, àti bí ó ṣe ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé kan náà láti ọdún tí ó ti fẹ̀yìn tì wá sílé. A rò pé atẹ́gùn òkun ni ó ń wá. Ní ti iṣẹ́ rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a fi kọjá: onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ni, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọpo. Lẹ́yìn ìsìnkú, bí a ti ń jẹ púpurú lọ́wọ́ ní ilé rẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin wá kí wa. Ó dúpẹ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí òkèlè tó wà lọ́wọ́ wa dé ẹnu.

Ó ní, "Àlùfáà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ó ń sùn láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, tó wá ń jí ní ọjọ́ Ìsinmi."

Òótọ́ ni ó sọ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan, a pinnu láti tún ìwàásù náà ṣe. A kò ní dárúkọ ẹ̀gbọ́n wa, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn kí a máa kọ orúkọ òun sára nǹkan. Àwọn àga tí ó fi ta ilé ìsìn lọ́rẹ kò ní orúkọ kankan lára títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú Ẹ́kísódù orí 31, Olúwa pe ọkùnrin kan ní orúkọ, Besaleeli ọmọ Uri, láti inú ẹ̀yà Juda. Kì í ṣe wòlíì. Kì í sì í ṣe àlùfáà, nítorí kì í ṣe ọmọ Lefi. Síbẹ̀ Ìwé Mímọ́ jẹ́rìí pé Ẹ̀mí Ọlọ́run kún inú rẹ̀, ohun tí Ẹ̀mí náà sì fún un ni ìmọ̀ iṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta àti igi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ṣẹ́ àlùfáà, a kọ́ púpọ̀ nípa Aaroni àti ẹ̀wù rẹ̀. A kò rántí pé ẹnikẹ́ni fi odindi wákàtí kan kọ́ wa nípa ẹni tó ṣe àgọ́ tí Aaroni ń wọ̀.

Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀ sí orí 30, ẹ ó rí ohun tó sún mọ́ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òróró ìyàsímímọ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀: òjíá 500 ṣékélì, kínámónì 250, kálámù 250, kásíà 500, àti òróró ólífì hínì kan. Kò sí èyí tí a fi sílẹ̀ fún bí ó ti wu ọwọ́. Orí 37 ni ó sọ fún wa pé Besaleeli ló ṣe òróró náà, pẹ̀lú ọgbọ́n àwọn tó mọ bí a ti ń po olóòórùn dídùn. Ẹni tí ń wọn nǹkan, tí ń pò ó, tí ó sì mọ ohun tí ọ̀kan yóò ṣe sí èkejì, kí ni a ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lónìí? Ẹ̀gbọ́n wa ló fi ibẹ̀ hàn wá. Ó ní lẹ́nu iṣẹ́ òru ni òun ti kà á, nígbà tí òun ń dúró kí ooru inú àgbá kan wálẹ̀. A gbọ́, a rẹ́rìn-ín, a gbàgbé.

Ọ̀pọ̀ òbí tí yóò ka èyí ní ọmọ tó ń ka kẹ́mísírì, tí wọn kò sì mọ ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ń ṣe. Ohun tí olùkọ́ ń ṣe nínú ìgò kékeré, òun ni onímọ̀ ẹ̀rọ náà ń ṣe nínú àgbá tó tóbi ju ilé lọ, láìjẹ́ kí ó bú gbàmù. Bí ẹ̀gbọ́n wa bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, ògógóró ni ó máa ń fi ṣe àpèjúwe, èyí tí kò dùn mọ́ àwọn alàgbà wa nínú rárá. Ṣùgbọ́n ta ni ó dàgbà ní odò wa tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń se ògógóró? Wọn á da ẹmu sínú àgbá, wọn á dáná sí i nídìí. Ọtí ni yóò kọ́kọ́ di ooru, nítorí 78°C ló ti ń hó, nígbà tí omi ń dúró de 100°C. Ooru náà á gba inú páìpù tó la omi tútù kọjá, á sì tún di ọtí lẹ́nu páìpù. Ó ní ilé ìfọpo kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, gíga ló fi jù ú. Wọn á mú epo rọ̀bì gbóná tó nǹkan bí 350°C, wọn á sì darí rẹ̀ sínú òpó irin ńlá kan tó ṣófo nínú. Gáàsì àti pẹtiróòlù tó fúyẹ́ á gun òkè, kẹrosíìnì á dúró nísàlẹ̀ wọn, dísẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀ ìyẹn; ohun tó wúwo jù á kù sí ìdí bí ọ̀dà, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti wá wá ní ìpínlẹ̀ wa láti ọdún 1908.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ Besaleeli jìnnà sí Ìlàjẹ. Ní ọdún 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n jáde láti inú Kérúbù àti Séráfù, tí inúnibíni sì ti bá, tẹ Ayétòrò dó lórí ẹrẹ̀ etí òkun. Wọ́n kọ́ ilé sórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe ojú ọ̀nà, wọ́n sì pa ohun ìní wọn pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láàrin ọdún díẹ̀, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n sì ní iná mànàmáná tiwọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú òkè ṣì ń tan àtùpà. Ìjọsìn àti iṣẹ́, abẹ́ àṣẹ kan náà ni méjèèjì wà, lọ́dọ̀ ọba wọn tí wọ́n ń pè ní Ogeloyinbo. Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, kọ ìwé kan nípa wọn tó jáde ní 1977; ó wá ìdí ọrọ̀ wọn, ó sì ka pípa ohun ìní pọ̀ sí ju ìgbàgbọ́ lọ. A kò lè bá a jiyàn lórí ìṣirò. Ṣùgbọ́n a fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ó mú wọn pa á pọ̀? Ètò náà ti ń tú kí àwọn ọdún 1960 tó parí, òkun sì ti gba púpọ̀ nínú ìlú náà lónìí. Ẹ̀gbọ́n wa ní ibẹ̀ ni òun ti kọ́kọ́ rí iná mànàmáná, nígbà tí bàbá òun fi ọkọ̀ gbé òun lọ ní ọmọ ọdún méje. Ó ní òun kò wo iná náà pẹ́. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo dúdú lẹ́bàá ẹ̀rọ, tó ń kọ orin ìyìn, ni òun ń wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni a fẹ́ dé báyìí. Ní ọdún 2020, kànga epo Ororo-1 bú ní ojú òkun tó kọjú sí Àwoyè, iná sì ń jó lórí omi. Ní ọjọ́ kan, nínú kíláàsì Bíbélì, nígbà tí a ń ka Ẹ́kísódù 31 yìí gan-an, apẹja kan dìde. Ó ní, "Bàbá Injiníà, ẹ má bínú. Epo ló bọ́ yín. Epo náà ló wà nínú àwọ̀n wa. Ṣé iṣẹ́ tí Ẹ̀mí Ọlọ́run fún yín ṣe nìyẹn?"

Gbogbo kíláàsì dákẹ́. A fẹ́ gbà á sílẹ̀, a ti ń wá ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òótọ́ ni pé epo ló san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ òun. Ó ní láti orí òpó ìfọpo, a kì í rí àwọ̀n ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí òun ti béèrè nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, òun kò sì béèrè. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Kò ka ẹsẹ̀ Bíbélì kankan láti fi gbe ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kà orí 32 pọ̀ mọ́ orí 31. Irú wúrà kan náà tí Besaleeli yóò fi ṣe àgọ́ ni wọ́n fi ṣe ẹgbọrọ màlúù, irinṣẹ́ ni wọ́n sì fi fín in. Ẹ kíyè sí i pé àlùfáà ló ṣe é, kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́. Àwa tí a ń wọ ẹ̀wù funfun kò gbọdọ̀ yára gbàgbé ìyẹn nígbà tí a bá ń bá àwọn elépo wí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kan wá. Omi ni ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lé lórí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé omi yí wa ká, a kò sì rí mu. Àwọn ìyá wa gbà pé bí a bá ti se omi, ó ti mọ́. Ó fi yé wọn pé ooru ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kì í lé iyọ̀ jáde. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni iyọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó kọ́ wọn láti jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ orí páànù dànù kí wọ́n tó gbé àgbá sí i, kí wọ́n fi álọ́ọ̀mù mú kí ìdọ̀tí rọ̀ sí ìdí, kí wọ́n sì jẹ́ kí omi tòrò kí wọ́n tó fi klorínì sí i, nítorí ìdọ̀tí a máa jẹ agbára klorínì tán. Nígbà tí a ka ìtàn wòlíì Eliṣa, tó da iyọ̀ sí orísun omi Jeriko láti wò ó sàn, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí wòlíì bá dé Ìlàjẹ, kí ẹnikẹ́ni má gbé àwo iyọ̀ fún un.

Àgbá mẹ́rin ni ó gbé sẹ́yìn ilé ìsìn, tí páànù ilé ìsìn ń da omi sí. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹ́mísírì ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó fi ṣe olùṣọ́ wọn. Àwọn ló ń wọn klorínì, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé náà. Wọ́n ṣì ń kọ ọ́.

Kí a tó fi ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn olóòtú, a fi í ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Ìgbọ́kọ̀dá. Ó dá a padà pẹ̀lú àtúnṣe kan ṣoṣo. Ó ní ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn kò rí bí a ti kọ ọ́: ẹ̀gbọ́n òun kò wá atẹ́gùn kankan. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń rí òjò tó bá ń ti òkun bọ̀, tí ó sì ń wò ó bóyá ọmọdé kan ti ṣí ìdérí àgbá.