Kí Èròjà Lẹ̀ Mọ́ Receptor Kò Tíì Tó

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ bí inú yín ṣe máa ń dùn tí èròjà yín bá lẹ̀ mọ́ EGFR, receptor ojú sẹ́ẹ̀lì, dáadáa. Ẹ má tíì yọ̀. Oògùn cetuximab náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ọdún 2004 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kò rí àǹfààní rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2008, ọ̀rọ̀ ti fojú hàn: ẹni tí jíìnì KRAS inú jẹjẹrẹ rẹ̀ ti yí padà, oògùn náà kì í ràn án lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ni EGFR, inú ilé ni KRAS wà. Bí aláriwo bá ti wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn títì kò lè pa á lẹ́nu mọ́.

Nítorí náà, ẹ mọ sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú àwo yín. Nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun ńlá HCT116 àti SW480, KRAS ti yí padà. Ti HT-29, jíìnì BRAF ló yí padà. Ẹni tó dán èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ EGFR wò lórí HCT116 nìkan, tó wá ní kò ṣiṣẹ́, ó fi ẹjọ́ èké kan èròjà ọ̀hún. WiDr tí àwọn kan ń lò bí ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ńkọ́? HT-29 náà ni. Ẹni tó lo méjèèjì rò pé òun ní ẹlẹ́rìí méjì ni. Ẹyọ kan ló ní.

Ìdánwò MTT ló ń bí mi nínú jù. Sẹ́ẹ̀lì alààyè á sọ MTT di elésè àlùkò, ẹ̀rọ á ka àwọ̀ náà, tó bá dín kù, ẹ ó sì máa kọ ọ́ pé sẹ́ẹ̀lì kú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì tó kàn rẹ̀wẹ̀sì lásán náà lè mú àwọ̀ dín kù. Ẹ fi trypan blue kà wọ́n lábẹ́ maikirosíkóòpù: òkú á mu aró, alààyè kò ní mu ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo omi ewé, èròjà inú ewé mìíràn máa ń yí MTT padà láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀. Ẹ fi kòtò tí kò ní sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ fún un. DMSO tí ẹ fi yọ́ èròjà, ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ bù fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò gba èròjà.

Tí ẹ bá fẹ́ sọ pé receptor ló fà á, ẹ fi western blot wò ó bóyá fọ́sífeetì ara ERK, pírótéènì tí iṣẹ́ EGFR ń gba ibẹ̀ kọjá, dín kù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi siRNA pa EGFR lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì náà, kí ẹ tún bu èròjà sí i. Tó bá ṣì ń pa á bó ṣe ń pa á tẹ́lẹ̀, kì í ṣe EGFR ló gbà kọjá.