Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ẹ̀tẹ̀ bá jà

ÌBÉÈRÈ

Mo ń ya bédé (ìtàn aláwòrán) kan tí màá máa gbé jáde ní apá-apá. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ẹ̀tẹ̀ ti ba ojú rẹ̀ jẹ́ ni mo fi ṣe akọni ìtàn. Ní apá kejì, ìka rẹ̀ méjì já bọ́ níbi tó ti ń lé olè. Ní apá kẹta, ó bọ ọ̀daràn kan lọ́wọ́, àrùn náà sì ràn án. Ìyá mi ní kí n jáwọ́, pé a kì í fi àìsàn burúkú ṣeré. Kí lẹ rí sí i?
— Ayàwòrán, Atakpamé

ÌDÁHÙN

Má jáwọ́, àbúrò. Ṣùgbọ́n apá kejì àti ìkẹta yẹn, fà wọ́n ya.

Ìka kì í ṣàdédé já bọ́. Iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ooru àti ìrora ni ẹ̀tẹ̀ ń bà jẹ́. Ẹni náà á gbé ìkòkò gbígbóná láìmọ̀ pé ọwọ́ òun ti jó, egbò á kẹ̀, ìka á sì máa kúrú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti ọwọ́ bíbọ̀ ńkọ́? Kì í ràn bẹ́ẹ̀. Láti 1873 tí Hansen ará Norway ti rí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ la ti mọ̀ pé èpè kọ́. Ẹni tó bá bá aláìsàn tí kò tíì gba ìtọ́jú gbé pẹ́ títí ló lè kó o, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣẹ́gun rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn àgbà ní adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù. Apá kẹta rẹ nìyẹn gẹ́lẹ́: ọkùnrin tí kò wúlò ju kó ba nǹkan jẹ́ lọ. Lápàdé tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi ṣe akọni nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) kì í ṣe ọlọ́pàá mọ́, síbẹ̀ làákàyè rẹ̀ la ń tẹ̀ lé. Fún tìrẹ náà ní làákàyè.

Jẹ́ kó lo oògùn. Rifampicin, dapsone àti clofazimine ni, fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, ọ̀fẹ́ sì ni láti 1995. Clofazimine máa ń mú awọ ara dúdú sí i, ó sì ń pẹ́ kó tó padà. Ìwọ tó ní ọ̀dà lọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Ara á yá, àrùn náà kò ní ran ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n irun ìpéǹpéjú tó ti re àti imú tó ti wọnú kò ní padà. Bó bá wọ takisí tó ń lọ sí Sokodé, àwọn èrò á ṣì máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní àgbègbè Sokodé yẹn ni Kolowaré wà, abúlé tí wọ́n fi ṣe ibùdó adẹ́tẹ̀ láyé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ìbẹ̀rù yẹn ni kó tú wò, ju olè lọ.

Ohun kan wà tó dùn mọ́ mi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ìrora mọ́ gbọ́dọ̀ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́, bóyá ẹ̀gún ti gún un. Ìwádìí ojoojúmọ́ ni. Yà á.

Má sì gbé ìtàn náà lọ sí Paris. Marguerite Abouet fi bédé rẹ̀, Commissaire Kouamé (2017), sí Abidjan, ó sì bá a mu. Ìwọ ní Kámínà nítòsí, níbi tí àwọn ará Jámánì fúnra wọn ti ba ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì wọn jẹ́ ní oṣù kẹjọ 1914 kó má bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ibi tí wọ́n lè gbé òkú pamọ́ sí pọ̀ níbẹ̀!

Lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀ ní àgbègbè rẹ, kó bá ọ bẹ ẹnì kan tó ti gbádùn. Bó bá gbà, fi àwòrán hàn án kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ. Sunday tó kẹ́yìn ní oṣù kìíní ni Ọjọ́ Ẹ̀tẹ̀ Lágbàáyé, tí Raoul Follereau dá sílẹ̀ ní 1954. Jọ̀wọ́, gbé apá kìíní jáde lọ́jọ́ náà.